Ìràwọ̀ Mẹ́jọ

Èmi ni mo kọ́ ilé náà, kóòdù ni mo fi mọ ọ́n,
ilé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa ará Ìbarà.
Mo kùn ún ní àwọ̀ aró, bí aró Ìtòkú,
mo ṣe ilẹ̀kùn tí kì í ṣí
àfi tí asin bá rìn kọjá lórí rẹ̀.
Inú mi dùn. Mo ní, ẹ wá wò ó.

Alàgbà Ṣówẹ̀mímọ́ kò wò ó.
Ìgbóná ló gba ojú rẹ̀ lọ ní ọmọ ọdún mẹ́ta.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi jókòó nídìí tẹlifóònù ìjọba,
tó ń so ohùn Ìlaròó mọ́ ohùn Ìjẹ̀bú,
tó ń fi èémí lásán dá ènìyàn mọ̀:
"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá Bọ̀sẹ̀dé. Òtútù mú yín lánàá."

Báyìí, ohùn kan ń gbé inú fóònù rẹ̀,
tó ń ka ayé sí i létí, tí kì í sinmi mí.
Ó dé ilé mi, ohùn náà ní:
"Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Àwòrán. Bọ́tìnnì."
Bí ẹni tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ oníyàrá ogún
tí gbogbo ilẹ̀kùn ń jẹ́ Ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá wa ní olè pọ̀ níta.
Òótọ́ ni. Mo ti rí ipasẹ̀ wọn nínú àkọsílẹ̀ òru,
àwọn ẹ̀rọ aláìlórúkọ tó ń dán kọ́kọ́rọ́ wò,
ẹgbẹ̀rún kọ́kọ́rọ́ kí àkùkọ tó kọ.
Mo wá fi olùṣọ́ kan sẹ́nu ọ̀nà
tó ń na àwòrán mẹ́sàn-án síni, tó ń wí pé:
"Èwo ni kẹ̀kẹ́ nínú wọn? Fi hàn pé ènìyàn ni ọ́."

Alàgbà jókòó síwájú ìbéèrè yẹn.
Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.
Ènìyàn ni.
Ó pe Dọ̀tun, ọmọ àjọgbé: "Jọ̀ọ́, bá mi mú kẹ̀kẹ́."
Dọ̀tun mú kẹ̀kẹ́, ó mú ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́ ọn.
Kí oṣù tó lé, ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínláàádọ́ta náírà
ti gun kẹ̀kẹ́ lọ.

Olè tí mo torí rẹ̀ sélẹ̀kùn,
èmi náà ni mo na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ó wá sí ọ́fíìsì, ọ̀pá rẹ̀ ń kan àtẹ̀gùn.
N kò lè wò ó lójú, bí ẹni pé ó ń rí mi.
Kò bínú. Ó ní, "Ọmọ mi, dijú. Wọlé."
Mo dijú. Mo ń tá ràrà nínú òkùnkùn,
bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, àwòrán,
mo ṣìnà nínú ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́.
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ìyá ìyá òun máa ń sọ pé
abẹ́ òkúta tí wọ́n sá sí nígbà ogun,
òkùnkùn ibẹ̀ ki, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀nà,
ọ̀tá tó lójú kedere ló ń fẹsẹ̀ kọ.
"N ò ní kí ilẹ̀kùn yín wà ní ṣíṣí," ló wí.
"Mo kàn ní kó lórúkọ."

Òru ọjọ́ náà, mo sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan:
Fi owó pamọ́. Gba owó. Padà sẹ́yìn. Jáde.
Mo lé olùṣọ́ oníkẹ̀kẹ́ kúrò,
mo fi nọ́ńbà àlòlẹ́ẹ̀kan rọ́pò rẹ̀.
Ọ̀gá ní, ṣé olè kò ní wọlé báyìí?
Mo ní n kò mọ̀.
N kò tíì mọ̀ títí di òní.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé, lẹ́bàá afárá Lafẹ́nwá,
mo bá Alàgbà lórí bẹ́ǹṣì láàárín èrò,
tó ń tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun.
Ó ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí kan,
ó na èkejì sí mi: "Gbọ́."
Lẹ́tà tó bá wọlé, ohùn náà kò dárúkọ rẹ̀ mọ́.
Ìràwọ̀, ló ń wí. Ìràwọ̀. Ìràwọ̀.
Ó pé mẹ́jọ.
"Ṣé bí wọ́n ṣe ń yọ lókè náà nìyẹn?"
Mo gbójú sókè.
Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn nìkan ni mo rí.